Láti Ẹ̀yìn Tírélà dé Ìdí Ààrò

Láàárín ọjọ́ mẹ́rin péré nínú oṣù Keje ọdún 1994, àwọn ará Rùwáńdà tí iye wọn wà láàárín 500,000 sí 800,000 rọ́ wọ ìlú Goma àti agbègbè rẹ̀, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Zaire nígbà náà. Òkúta tí òkè ayọnáyèéfín pọ̀ sílẹ̀ ló kún ilẹ̀ ibẹ̀, ọkọ́ kò ràn án: kò rọrùn láti gbẹ́ ṣáláńgá, kò sì rọrùn láti gbẹ́ sàréè. Onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn tẹ̀lé e, àwọn tó kú láàárín oṣù kan sì sún mọ́ 50,000. Gbogbo ayé gbọ́, tírélà oúnjẹ àti bàlúù ẹrù bẹ̀rẹ̀ sí í dé. Nígbà tí àwọn oníṣègùn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ tẹ àbọ̀ ìwádìí wọn jáde nínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet ní 1995, gbólóhùn kan wà nínú rẹ̀ tí ojú lè tètè fò: àwọn ọmọ tí obìnrin jẹ́ olórí ilé wọn wà nínú ewu àìjẹunrekánú ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Tírélà kan náà ló gbé oúnjẹ wọn wá, inú àpò kan náà ni wọ́n ti bù ú. Ṣùgbọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọwọ́ àwọn olóyè àdúgbò tí wọ́n jọ sá wá láti ilé ni àwọn aṣèrànwọ́ ń kó oúnjẹ lé pé kí wọ́n pín in, àwọn yẹn sì ń pín in bó ṣe wù wọ́n. Ẹni tó lágbára, ẹni tó jẹ́ tiwọn, ẹni tó ní ọkùnrin lẹ́yìn, ló ń kọ́kọ́ gbà. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tàbí tí kò mọ ibi tí ọkọ rẹ̀ wọlẹ̀ sí, wà ní ìdí ìlà.

Ọ̀nà tó wà láàárín ẹ̀yìn tírélà àti ìdí ààrò yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi. Ohun tí a pín ní ọgbọọgba lẹ́yìn tírélà kì í sábà dọ́gba mọ́ nígbà tó bá fi máa dé inú ìkòkò, nítorí pé ọwọ́ púpọ̀ ló ń kọjá lójú ọ̀nà, ọwọ́ ọkùnrin àti ti obìnrin kò sì gùn bákan náà nínú ìlú kankan tí mo mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ran ogúnléndé lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ bí a ṣe ń tọ ẹrù lẹ́sẹ̀ dé òpin ìrìn àjò rẹ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ ń ṣe fún òṣìṣẹ́ wọn lórí ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ìwàásù ẹ̀tọ́ obìnrin lásán ni, kò yẹ kó jẹ́ nǹkan mìíràn ju èyí lọ. Ọgbọ́n iṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń bínú pé wọ́n kọ́ agbẹ́kànga bó ṣe máa mọ ibi tí omi wà kó tó ki dígà bọlẹ̀. Àwọn àgbà wa sì ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Òṣìṣẹ́ àjọ tó bọ́ sílẹ̀ nínú jíìpù ní àgọ́ tí kò dé rí, tí kò gbọ́ èdè wọn, tí wọ́n sì ní kó pín oúnjẹ fún 20,000 ènìyàn kí ilẹ̀ tó ṣú, àlejò ni.

Ó pẹ́ kí ayé tó rí i pé ọgbọ́n yìí wúlò. Òfin àgbáyé tó sọ ẹni tí à ń pè ní asásàálà, èyí tí wọ́n fọwọ́ sí ní Geneva ní 1951, ka ìdí márùn-ún tí inúnibíni fi lè lé ènìyàn kúrò nílùú: ìran, ẹ̀sìn, orílẹ̀-èdè, ẹgbẹ́ àwùjọ tí ẹni náà wà, àti èrò òṣèlú rẹ̀. Jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin kò sí níbẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ ọ́ tilẹ̀ ń tọ́ka sí ọkùnrin nìkan láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé obìnrin kì í sá. Èdè Yorùbá ì bá ti gbà wọ́n lọ́wọ́ àṣìṣe yẹn, nítorí “ó” ni “ó” ń jẹ́ lẹ́nu wa, ogúnléndé ni tọkọtaya. Àmọ́ tiwa náà ní àléébù tirẹ̀, nítorí èdè tí kò ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin kò ní kí ogun má yà wọ́n. Ó di 1990 kí UNHCR, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ asásàálà lágbàáyé, tó ní ìlànà kan pàtó lórí àwọn obìnrin tó sá nílùú. Ìwé ìtọ́sọ́nà lórí bí a ṣe ń dáàbò bò wọ́n tẹ̀lé e ní 1991. Ní 1992 ni Mary Anderson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá gbé ètò ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan kalẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́ àjọ náà, tí ìtumọ̀ orúkọ rẹ̀ jẹ́ ètò tó dá lórí ènìyàn. Ohun tó mú kí ètò yìí wù mí ni pé kò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé kankan nípa ẹ̀tọ́. Ìbéèrè ló fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn wo ló wà nínú àgọ́ yìí, mélòó ni ọkùnrin, mélòó ni obìnrin, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n? Ta ló ń ṣe iṣẹ́ wo, ní ibo, ní ìgbà wo, nílé tẹ́lẹ̀ àti níbí báyìí? Ta ló ń lo nǹkan, ta ló sì láṣẹ lórí rẹ̀? Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn yìí ló le jù, nítorí obìnrin lè máa lo ilẹ̀ fún ogún ọdún kó má ní àṣẹ àtita igi kan lórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní ìbéèrè kejì yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ojú ti máa ń là. Olùkọ́ á ya àkámọ́ méjì sára pátákó, á pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí wákàtí 24, á ní kí wọ́n kọ ohun tí ọkùnrin kan nínú àgọ́ ń ṣe sínú ọ̀kan, kí wọ́n kọ ti obìnrin sínú èkejì. Ti ọkùnrin kì í gba àkókò: ó jí, ó kírun, ó jókòó sábẹ́ igi, ó lọ sípàdé, ó wá iṣẹ́ títí kò rí. Èyí kì í ṣe ọ̀lẹ. Oko rẹ̀ ló wà lódìkejì ẹnubodè, ìjọba tó gbà á sílé kò sì fún un láṣẹ àtiṣiṣẹ́. Àkámọ́ obìnrin á kún dẹ́múdẹ́mú títí wọn ò ní rí àyè kọ̀wé mọ́: kó tò sídìí ẹ̀rọ omi kí ilẹ̀ tó mọ́, kó dáná, kó pọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń wọn ọmọdé wò, kó tò fún oúnjẹ, kó wá igi, kó tún lọ sídìí ẹ̀rọ omi, kó dáná alẹ́. Nígbà náà ni olùkọ́ á wá béèrè ìbéèrè kékeré kan pé: ìpàdé ìlú tí ẹ máa ń fi sí aago mẹ́wàá òwúrọ̀, níbi tí ẹ ti ń béèrè pé ibo ni ká gbé ẹ̀rọ omi sí, ta ló ń wá síbẹ̀? Gbogbo ilé á dákẹ́. Láti ọdún tí ètò ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí kì í pọn omi ni wọ́n ti ń bi léèrè ọ̀rọ̀ omi. Kò sẹ́ni tó dáràn. Aago ni wọn ò wò.

Àpẹẹrẹ tí mo rò pé ó kọ́ni jù lọ wá láti Dadaab, ní ìlà oòrùn àríwá Kẹ́ńyà, nítòsí ẹnubodè Sòmálíà. Ní 1991 àti 1992 ni wọ́n tẹ àgọ́ mẹ́ta dó síbẹ̀, Ifo, Dagahaley àti Hagadera, fún 90,000 ènìyàn. Oúnjẹ ń bọ̀ lọ́wọ́ àjọ, ṣùgbọ́n oúnjẹ tútù ni: àgbàdo, ẹ̀wà, ìyẹ̀fun. Kò sí nǹkan tí wọ́n máa fi sè é. Ẹni tó ṣe ìṣirò ìwọ̀n oúnjẹ tí ara ènìyàn nílò lójúmọ́ kò ṣe ìṣirò iná, nítorí kò sí iná nínú ìwé tó fi kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn obìnrin ló bá ń rin ìrìn tó jìn wọ inú igbó ẹlẹ́gùn-ún lọ wá igi, ibẹ̀ ni àwọn olè oníbọn sì ti ń lúgọ dè wọ́n, tí wọ́n ń fipá bá wọn lò pọ̀. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò pípín igi ìdáná ní 1998. Ẹni tó bá gbọ́ èyí á sọ pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Àbọ̀ àyẹ̀wò tó jáde ní 2001 sọ nǹkan mìíràn: ní àwọn àkókò tí igi kún ilé, ìfipábánilòpọ̀ lójú ọ̀nà igi dín kù ní nǹkan bí ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n níbòmíràn, tí kì í ṣe ojú ọ̀nà igi, ṣe ló pọ̀ sí i. Igi tí wọ́n ń pín kò tó ohun tí ìdáná ń jẹ, ó sì ku igi tí àwọn obìnrin ń wá láti fi kọ́ ilé àti èyí tí wọ́n ń tà ra ohun tí àjọ kì í pín. Àwọn oníbọn náà kò sì kú. Wọ́n kàn ṣí ibùba wọn ni.

Mo mọ̀ pé àwọn kan máa ń ka àbọ̀ yìí kí wọ́n lè sọ pé wàhálà lásán ni gbogbo rẹ̀. Èmi ò kà á bẹ́ẹ̀. Ìdajì ìbéèrè ni wọ́n béèrè ní Dadaab: wọ́n béèrè pé kí ni obìnrin ń wá lọ sínú igbó, wọn ò béèrè pé ta ló ń dúró dè é níbẹ̀, kí ló sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n lè kọlù láìsí ẹ̀san, ta ló yẹ kó mú ẹni náà, kí ni obìnrin tún ń fi igi ṣe yàtọ̀ sí ìdáná. Òṣìṣẹ́ tó ti kọ́ ọgbọ́n iṣẹ́ yìí dáadáa kì í dá ojútùú kan dúró kó wá gbàgbé rẹ̀. Á padà lọ wò ó lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ibi tí ẹ̀kọ́ ọlọ́jọ́ kan ti ń kùnà nìyẹn, nítorí “ẹ pín igi” ló máa ń kọ́ni, kì í kọ́ni ní bí a ṣe ń padà lọ wò ó.

Àtakò tó wọ́pọ̀ jù ni pé àsìkò kò sí. Ilé ń jó, ẹ̀ ń béèrè pé ta ló ń sun yàrá wo! Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ẹ̀mí là, ọ̀rọ̀ ọkùnrin àti obìnrin á dé tó bá yá. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, àmọ́ bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ní 1992, àwọn ará Rohingya tó sá kúrò ní Bọ́mà wà nínú àgọ́ kan tó ń jẹ́ Gundhum II ní Bangladesh. Àwọn oníṣègùn ka òkú níbẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ọkùnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, obìnrin sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láàárín àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, ikú àwọn ọmọbìnrin fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti ọmọkùnrin. Láàárín àwọn tó ti lé ní ọdún márùn-ún, ikú obìnrin lé ní ìlọ́po mẹ́ta ti ọkùnrin. Inú àgọ́ kan náà, omi kan náà, ilé ìwòsàn kan náà. Bí wọ́n bá ka òkú lápapọ̀ ni, wọn ì bá kàn mọ̀ pé ènìyàn ń kú púpọ̀, wọn ì bá tún fi oúnjẹ kún oúnjẹ, àwọn tó ń rí jẹ ì bá tún rí sí i. Èyí ni ìtumọ̀ gbígba ẹ̀mí là: kí a mọ ẹ̀mí ta ni ó ń bọ́. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí a ṣe ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kì í kúrò nílẹ̀ mọ́. Àgọ́ Dadaab tí wọ́n yà sílẹ̀ fún 90,000 ti gba nǹkan bí 500,000 ní 2011, ogún ọdún lẹ́yìn náà. Ibi tí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá sí lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọmọ tí wọ́n bí nínú àgọ́ yóò máa lọ títí á fi tó ọkọ ní.

Mo dárúkọ ṣáláńgá. Kò sí ohun tó rẹlẹ̀ tó o, kò sì sí ohun tó ń fi ẹ̀kọ́ yìí hàn bíi rẹ̀. Ìlànà tí àwọn àjọ aṣèrànwọ́ jọ fọwọ́ sí, tí wọ́n ń pè ní Sphere, ní kí ṣáláńgá kan má kọjá ènìyàn 20, kí omi má sì dín ní lítà 15 fún ẹnì kan lójúmọ́. Ó tún dábàá pé kí ti obìnrin jẹ́ mẹ́ta sí ọ̀kan ti ọkùnrin. Ònkà lásán nìyẹn, ẹnjiníà lè ṣe é délẹ̀ kó gba owó rẹ̀, kí obìnrin kankan má sì wọ ibẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Rohingya tó lé ní 700,000 tún sá wọ Cox's Bazar ní Bangladesh láti oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ọ̀pọ̀ obìnrin wọn ń dúró di alẹ́ kí wọ́n tó yàgbẹ́, àwọn mìíràn ń dín oúnjẹ àti omi kù lọ́sàn-án kí ìgbẹ́ má bàa gbọ̀n wọ́n, nítorí pé ṣáláńgá ọkùnrin àti obìnrin wà lójúkan, gbogbo ojú sì ń wo ẹni tó ń wọlé. Ẹ̀kọ́ tí mo máa fi lé ẹnjiníà lọ́wọ́ kì í ṣe ti inú gbọ̀ngàn. Kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn láti ẹnu tẹ́ǹtì tó jìnnà jù dé ṣáláńgá ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, láìtan tọ́ọ̀ṣì, kó ka ìṣísẹ̀ rẹ̀. Kó wọlé, kó ti ilẹ̀kùn láti inú, bí ó bá ṣeé tì. Kó wo ara tapólì bóyá iná tí ẹlòmíràn bá tàn lóde ń fi òjìji ẹni tó lóṣòó hàn. Kó wo ibi tí ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù yóò da aṣọ rẹ̀ sí, tàbí ibi tí yóò ti fọ̀ ọ́, tí yóò ti sá a láìjẹ́ pé gbogbo àdúgbò rí i.

Àtakò kejì wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ, èmi náà kì í sì í fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un: pé àṣà òyìnbó ni gbogbo èyí, pé wọ́n fẹ́ wá fi tiwọn da ilé onílé rú. Ọmọ Yorùbá ni Oyèrónkẹ́ Oyěwùmí tó kọ ìwé The Invention of Women ní 1997, ohun tó sì ń sọ ni pé láyé àtijọ́, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló ń pàṣẹ ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe akọ àti abo. Pé ẹni tó bá fi ojú ìwé òyìnbó wo ilé Yorùbá á rí ohun tí kò sí níbẹ̀. Àwọn kan ń bá a jiyàn, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wúlò fún wa níbí. Bí òṣìṣẹ́ bá wọ agbo ilé kan tó sì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin ni wọ́n ń fìyà jẹ, kò ní rí i pé ìyá ọkọ ló ń ti oúnjẹ mọ́lé, pé ìyálé ń jẹ kí ìyàwó kékeré tó fọwọ́ kàn án. Kò tíì kọ́ nǹkan kan nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo odì kejì. Ọjọ́ tí àjọ tẹ káàdì oúnjẹ tó sì kọ orúkọ ọkùnrin sí i gẹ́gẹ́ bí olórí ilé, ó ti dá sí ọ̀rọ̀ ilé onílé. Níbi tó jẹ́ pé obìnrin ló ni àká, tó jẹ́ pé òun ló ń wọn ọkà síta, káàdì ti gba kọ́kọ́rọ́ àká lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Bí ọkùnrin náà bá ní ìyàwó mẹ́ta, káàdì kan ti sọ wọ́n di ìkòkò kan. Ní Cox's Bazar, àwọn aláṣẹ yan àwọn aṣojú tí wọ́n ń pè ní majhi lórí àwọn àdúgbò inú àgọ́. Ọkùnrin ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ tán, ọ̀dọ̀ wọn ni ìròyìn àti ẹrù sì ń gbà kọjá. Àṣà Rohingya kọ́ ló yàn wọ́n. Àjọ tó ní òun kì í dá sí àṣà ti dá sí i tipẹ́, àfi pé kò bojú wẹ̀yìn wo ohun tó fẹsẹ̀ tẹ̀.

Àwọn ọkùnrin wá ńkọ́? Wọ́n máa ń béèrè èyí bí ẹni pé ó máa pa ẹnu wa mọ́, bẹ́ẹ̀ ìbéèrè tó yẹ kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gidi fi bẹ̀rẹ̀ ni. Gbólóhùn “àwọn obìnrin àti ọmọdé”, tí àwọn àjọ fi ń tọrọ owó, ti mú ojú kúrò lára ewu tí ọkùnrin ń rí nítorí pé ó jẹ́ ọkùnrin. Ní Srebrenica, ní Bosnia, àwọn ọkọ̀ ẹrù UNHCR kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn jáde ní 1993, obìnrin, ọmọdé àti arúgbó ló pọ̀ jù nínú wọn. Nígbà tí ìlú náà ṣubú ní oṣù Keje 1995, nǹkan bí 8,000 ọkùnrin àti ọmọkùnrin ni wọ́n yà sọ́tọ̀ tí wọ́n sì pa. N kò sọ pé ọkọ̀ tó kó obìnrin ló fà á. Àwọn apànìyàn ló pànìyàn. Mo ń sọ pé ẹni tí ojú rẹ̀ ń ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin yóò mọ̀ pé ọmọkùnrin ọdún mẹ́rìndínlógún nínú irú ogun bẹ́ẹ̀ kò ní ààbò kankan. Ewu ọ̀tọ̀ tún wà tí kò ní ìbọn nínú. Ní àgọ́ Lukole ní Tanzania, níbi tí onímọ̀ Simon Turner ti ṣèwádìí láàárín àwọn ará Bùrúńdì ní àwọn ọdún 1990, àwọn ọkùnrin ń ráhùn pé UNHCR ti gba ipò ọkọ lọ́wọ́ wọn: òun ló ń bọ́ ìyàwó, òun ló ń wọ̀ ọ́ láṣọ, kí ni wọ́n wá wà fún? Ẹni tó bá fi èyí ṣe ẹ̀rín kò gbọ́ ìró ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tí kò rí nǹkan ṣe, tí ọlá rẹ̀ ti wọmi, ìyàwó ló sún mọ́ ọn jù láti tú ìbínú rẹ̀ lé lórí, ọ̀dọ́ tó wà nínú wọn sì ni àwọn tó ń gba jagunjagun máa ń wá lóru.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè fi òṣìṣẹ́ ṣe ẹni rere tí kò kàn ríran tó. Kò rí bẹ́ẹ̀ nígbà gbogbo. Ní oṣù Kejì ọdún 2002, UNHCR àti Save the Children ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àbọ̀ kan jáde lórí àwọn àgọ́ ní Guinea, Làìbéríà àti Sierra Leone. Wọ́n ní àwọn ọmọbìnrin sọ fún àwọn pé àwọn òṣìṣẹ́ aṣèrànwọ́ ń fi oúnjẹ, ọṣẹ àti tapólì ra ìbálòpọ̀ lọ́wọ́ àwọn. Ẹ̀sùn náà kan àwọn àjọ tó lé ní 40. Ìwádìí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lẹ́yìn náà kò rí ẹ̀rí fìdí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀sùn ọ̀kọ̀ọ̀kan múlẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà pé ìwà náà wà, ní oṣù Kẹwàá 2003 sì ni Akọ̀wé Àgbà fi òfin de ìbálòpọ̀ láàárín òṣìṣẹ́ àjọ náà àti ẹni tí kò tíì pé ọdún 18, àti fífi owó, iṣẹ́ tàbí ìrànwọ́ ra ìbálòpọ̀. Àwọn ogun tó dá àgọ́ wọ̀nyí sílẹ̀ kò jìnnà sí wa. Àwọn ará Làìbéríà àti Sierra Leone tó sá fún wọn gbé àgọ́ ní Oru-Ìjẹ̀bú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọ̀rọ̀ náà kò sì parí síbẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá 2016, àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ènìyàn Human Rights Watch tẹ ìtàn obìnrin àti ọmọbìnrin 43 jáde, àwọn tí Boko Haram lé kúrò nílé, tí àwọn aláṣẹ àgọ́, ọlọ́pàá, sójà àti fijilanté wá ṣe níṣekúṣe nínú àgọ́ ní Maiduguri.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tí à ń kọ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀gá ọ́fíìsì nìkan. Ọ̀gá ló ń lọ sí kọ́ọ̀sì ní Geneva tàbí Nairobi, òun ni wọ́n ń fún ní ìwé ẹ̀rí. Ọwọ́ rẹ̀ kò sì kan àpò àgbàdo rí. Àwọn tó ń kan àgbàdo ni awakọ̀, aṣọ́nà, ẹni tó di kọ́kọ́rọ́ ilé ẹrù mú, ẹni tó ń fi kóńgò wọn ọkà, àti ògbufọ̀. Ẹ jẹ́ ká fi ojú sí ògbufọ̀ yẹn. Obìnrin kan fẹ́ sọ ohun tí wọ́n ṣe fún un lójú ọ̀nà. Ọkùnrin ni ògbufọ̀, ó sì lè jẹ́ ìbátan ọkọ rẹ̀. Òṣìṣẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà kò ní ẹ̀sùn kankan. Bí kò bá sẹ́ni tó kọ́ òṣìṣẹ́ yìí láti béèrè pé ta ni ògbufọ̀ jẹ́ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, gbogbo ìwé tó kọ lọ́jọ́ náà jẹ́ irọ́ tí ó fi òótọ́ inú pa.

Ṣé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀, ẹni tó bá sọ pé ó ń ṣiṣẹ́ ń ta kọ́ọ̀sì ni. Ní 2002, ó lé ní ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn àwọn ìlànà tí mo mẹ́nu kàn, àgbéyẹ̀wò kan tí àjọ àwọn obìnrin tó ń rí sí ọ̀rọ̀ asásàálà ní New York ṣe fún UNHCR rí i pé iṣẹ́ náà kò dọ́gba láti àgọ́ dé àgọ́: ibi tí ọ̀gá bá ti fẹ́ ẹ, ó ń lọ; bí wọ́n bá gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíràn, ó di ọ̀rọ̀ àná. Ní ìparí 2001, ọ̀gá àgbà UNHCR nígbà náà, Ruud Lubbers, ti ṣe ìlérí márùn-ún fún àwọn obìnrin asásàálà, lára wọn ni pé kí obìnrin máa gba tó ìdajì àga nínú ìgbìmọ̀ àgọ́, kí wọ́n kọ orúkọ obìnrin kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan láìgbé e sábẹ́ ọkọ, kí wọ́n sì máa pín ohun tí wọ́n fi ń ṣe nǹkan oṣù. Mo fẹ́ràn ìlérí wọ̀nyí ju kọ́ọ̀sì lọ, nítorí pé ènìyàn lè kà wọ́n: àga mélòó, orúkọ mélòó, páàdì mélòó. Òṣìṣẹ́ tó ti kẹ́kọ̀ọ́ tán, tó rí i pé ṣáláńgá kò ní kọ́kọ́rọ́, ṣùgbọ́n tí kò ní àṣẹ láti ra kọ́kọ́rọ́ láìkọ lẹ́tà sí ìlú mìíràn, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò kọjá ìrora ọkàn. Ibi tí owó bá ti bá ẹ̀kọ́ rìn ni mo ti ń rí i pé nǹkan yí padà.

Bí àpẹẹrẹ, ní Cox's Bazar, láti 2018 ni àwọn àjọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í pín ààrò gáàsì àti sílíńdà fún àwọn ìdílé, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti gbọ́ ìtàn Dadaab. Owó ńlá ló ná wọn. Igbó tí wọ́n ti gé tán bẹ̀rẹ̀ sí í hù, ẹsẹ̀ obìnrin àti ọmọdé sì dín kù lójú ọ̀nà igi. Sílíńdà náà ń gba kílò 12 gáàsì. Tí a bá fi irin rẹ̀ kún un, ó ju kílò 20 lọ. Orí òkè àti inú kòtò ni àwọn tẹ́ǹtì wà, ilẹ̀ á sì máa yọ̀ bí òjò bá ti rọ̀. Obìnrin tí kò ní ọkùnrin nílé, tó pọn ọmọ sẹ́yìn, dúró níwájú ibi ìpíngáàsì, sílíńdà wà nílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọmọkùnrin kan sì wà nítòsí tó ní òun lè bá a gbé e délé. Èló ni yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni yóò sì tà nínú oúnjẹ rẹ̀ kó tó lè san án?